Ẹjọ́ Ìlù Nínú Àgbàlá Wa

Ẹ jọ̀ọ́, bí wọ́n bá bi yín, èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o. Ẹ̀fọ́ ni mò ń já lẹ́bàá fèrèsé (ẹ̀fọ́ Ìyá Onírú, tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ koríko, ìyẹn ṣì dọ̀la) tí ariwo fi sọ ní yàrá ọmọ Ìyá Ìbejì.

Ẹ ṣáà mọ ọmọ náà, èyí tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe bíìtì. Gbì-gbì-ká, gbì-ká, títí jẹnẹrétọ̀ á fi kú. Lúùpù ló ń pè é: ìlù bí ìṣẹ́jú àáyá 4, tó bá ti parí, á tún bẹ̀rẹ̀. FL Studio ló fi ń ṣe é, tí àwọn ará Belgium gbé jáde lọ́dún 1997, tó ń jẹ́ FruityLoops nígbà yẹn. Mo ti yọjú wò ó rí. Bọ́tìnnì 16 ló tò lọ gbọọrọ bí ọmọ àgbàdo lára ṣùkù. Èyí tó bá tẹ̀, ibẹ̀ ni ìlù á ti dún. Mo fọwọ́ kan ẹyọ kan, ó figbe ta bíi pé mo tẹ ọmọ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti òpópónà kejì ló dé lọ́jọ́ náà: "Olè! O jí ìlù mi!" Wọ́n ti di ara wọn lọ́rùn aṣọ mú kí Bàbá Láńlọ́ọ̀dù tó jáde, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

"Èwo nínú yín ló lu ìlù ọ̀hún?"

Kẹ́kẹ́ pa. Àṣé inú kọ̀ǹpútà ni àwọn méjèèjì ti bá a! Ọmọ Ìyá Ìbejì ní, "Bàbá, kò sí olè níbẹ̀. Ìlù Umbrella tí Rihanna kọ lọ́dún 2007, inú GarageBand ló wà. Vintage Funk Kit 03 lorúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ti ní kọ̀ǹpútà Apple lè rí i lò."

Bàbá ní omele náà kì í yí ohùn padà, kò sì sẹ́ni tó ń pe alómele lólè. "Kí ni ìyáàlù tiyín wá sọ lé e lórí?"

Wọ́n gbé méjèèjì sí i. Ti ọmọ Ìyá Ìbejì, ó ti gé ìdí ìlù náà, ó fi agogo há a láàárín, ó dín eré rẹ̀ kù. Ìdí mi ti ń jó lórí àpótí. Ti ọ̀rẹ́? Gbì-gbì-ká fún odidi ìṣẹ́jú mẹ́ta! Ẹ̀rín pa mí, mo da ẹ̀fọ́ nù, mo fi igi rẹ̀ sínú ìkòkò.

Ọ̀rẹ́ wá ń wolẹ̀. Ó ní ó dáa, kí wọ́n ṣáà fún òun ní ṣájà òun.

Ṣájà! Láti oṣù tó kọjá lọmọ Ìyá Ìbejì ti yá a.