Olùkọ́ Ìṣirò Tí Kò Mọ Oṣù Kà

Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama n'Íbàdàn, nítorí náà nígbà tí dókítà ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò họ́mónù, ẹ̀rù kò bà mí. Nọ́ńbà ṣáà ni. Àkọ́bí wa ti wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èkejì kò dé, ìyá ọkọ mi sì ti ń fi àdúrà bá mi wí. Mo gba ìwé lọ́wọ́ dókítà, n kò béèrè ohunkóhun. Àwọn tí kò mọ̀wé ló ń béèrè.

Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n yẹ progesterone mi wò ní ọjọ́ 21. Mo dojú kọ kàlẹ́ńdà ara ògiri, mo fi báírò pupa yí 21 oṣù náà po. Ọjọ́ pé, mo dé láàbù, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan oṣù mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lánàá. Mo na apá, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀. Èsì jáde, kò tó 1. Mo pe ọkọ mi níbi iṣẹ́, mo fi ẹkún sọ fún un pé ẹyin ti tán nínú mi.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé ọjọ́ tí nǹkan oṣù bá bẹ̀rẹ̀ ni ọjọ́ kìíní, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ka 21. Ìgbà tí ẹyin bá ti jáde ni progesterone máa ń gòkè, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ ló sì máa ń pọ̀ jù. Obìnrin tí oṣù rẹ̀ ń gba ọjọ́ 28 ni ọjọ́ 21 bá mu. Èmi tí tèmi ń gba 35, ọjọ́ 28 ló yẹ kí n lọ. Ìgbà tí ọjà ti tú ni mo débẹ̀, mo wá ń sunkún pé n kò rí olójà.

Ti prolactin tún wá ju ìyẹn lọ. Họ́mónù tó ń pe omi ọmú wá ni. Bí ó bá pọ̀ lára obìnrin tí kò lóyún, tí kò sì fọ́mọ lọ́mú, ó lè dí ẹyin lọ́wọ́ àtijáde. Lọ́dún tó kọjá, 18 ni tèmi. Lọ́tẹ̀ yìí, ní láàbù mìíràn, 390! Mo pín in lórí ìwé: ó lé ní ìlọ́po 21. Mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, mo tẹ ọmú mi wò níwájú dígí bóyá omi á bẹ́.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ládùúgbò wa tó ń ṣe dókítà fún gbogbo òpópónà láìlọ sí yunifásítì. Ó ní, "Àbúrò mi, bromocriptine ni. Kẹ́míìsì iwájú yìí ń tà á." Mo rà á. Mo gbé e mì láàárọ̀ láìfi nǹkan kan kan ẹnu, mo wọ máíkírà, ó di ilé ìwé. Oògùn náà a máa rí èèyàn lára, a sì máa fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ béèyàn bá wà ní ìdúró. A kò tíì kọ orin orílẹ̀-èdè dé ìdajì tí òòyì fi kọ́ mi. Mo di agbádá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ mú, àwa méjèèjì la jọ kí ilẹ̀.

Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ dókítà, ó tẹ́ èsì méjèèjì síwájú mi. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà." Ti àkọ́kọ́, ng/mL. Ti èkejì, mIU/L. Ẹyọ kan níhìn-ín tó nǹkan bí 21 lọ́hùn-ún. 18 àti 390, ọgbọọgba ni wọ́n! Èmi tí mo máa ń gé máàkì ọmọ tó bá kọ 5 láìkọ mítà!

Ó ní ká tilẹ̀ ní ó pọ̀ lóòótọ́, oògùn kọ́ ló kàn. A ó tún un yẹ̀ wò, torí eré sísá àti ìpayà lè gbé e sókè. A ó wò ó bóyá oyún ni, tàbí oògùn tí mo ń lò, tàbí táírọ́ìdì tí kò ṣiṣẹ́ tó. Bó bá jẹ́ táírọ́ìdì, òun ni wọn yóò tọ́jú. Bí kò bá sí èyíkéyìí níbẹ̀, wọ́n lè fi MRI wo ẹṣẹ́ kékeré tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ. Cabergoline tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ sì wà, kì í sábà da ara láàmú tó ti ẹ̀gbọ́n àdúgbò. Ẹni tí ẹyin rẹ̀ kò jáde, letrozole lè ràn án lọ́wọ́, pẹ̀lú àbójútó.

"Ẹ ò lo nǹkan mìíràn?"

"Rárá o. Àfi fítámì irun."

Biotin ló pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì lè mú kí ẹ̀rọ láàbù purọ́. Ó ní kí n dá a dúró kí n tó padà lọ fa ẹ̀jẹ̀.

Mo dá a dúró, mo ka ọjọ́ bó ṣe yẹ, progesterone mi sì jẹ́ 11 ng/mL. Ó ti lé ní 3, ẹyin ń jáde. Mo nàró lórí àga. Ọkọ mi tó tẹ̀ lé mi wá ń mi orí bí adájọ́. Dókítà fa ìwé tuntun yọ, ó kọ orúkọ ọkọ mi sókè: àyẹ̀wò àtọ̀.

Orí dúró, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í wá aago.

"Bàbá," ni dókítà wí, "ẹ má wulẹ̀ wo aago. Láàbù wa kì í tètè tì."