Ẹṣin Ọgọ́sàn-án Wà Nílé, Ọ̀kadà Ni Mò Ń Gùn

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Kì í ṣe pé mi ò ní mọ́tò. Mo ní in. Ó wà lẹ́yìnkùlé mi níbí ní Odògbolú, orí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin ló dúró lé, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì wà lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n fi tapólì bò ó. Bí mo bá ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, màá nawọ́ sí ọlọ́kadà.

Benz 300E ni, èyí tí gbogbo wa ń pè ní V-boot. Ọdún 1985 làwọn ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Púlọ́ọ̀gì mẹ́fà ló ń lò, sílíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì tò tẹ̀ léra wọn lórí ìlà kan ṣoṣo. Bí písítìn kìíní bá ń gòkè, ìkẹfà ń bá a gòkè. Ìkejì àti ìkarùn-ún jọ ń rìn, ìkẹta àti ìkẹrin jọ ń rìn. Gbígbọ̀n tí méjì bá fẹ́ dá sílẹ̀, àwọn yòókù á ti pa á. Ìdí nìyẹn tí Píjò 504 onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin fi máa ń gbọ̀n lórí ìdúró, tí tèmi á sì dákẹ́ títí ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ á fi béèrè bóyá mo ti pa á.

Ẹ́ńjìnnì yẹn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Lítà mẹ́ta, fáàfù méjìlá, agbára ẹṣin bí 180. Àbúrò ìyàwó mi ló wò ó tó ní ó ń sùn.

Ó ní ilé iṣẹ́ AMG, tí Aufrecht àti Melcher dá sílẹ̀ ní 1967, ti fẹ irú ẹ́ńjìnnì yìí dé lítà 3.2. Mo ní, “Jámánì làwọn yẹn wà, Odògbolú làwa wà.” Ó ní, “Bọ̀dá, ẹ fọkàn balẹ̀, mo mọ mẹ̀káníìkì kan.” Ìyàwó mi dá sí i: bí mi ò bá gbà, a jẹ́ pé mo kórìíra ẹbí wọn nìyẹn.

Mẹ̀káníìkì dé, ó tú u palẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹ́ńjìnnì báyìí kì í ra nǹkan ẹyọ kan. Písítìn mẹ́fà, séètì ríìngì mẹ́fà, bíárìn kíráńkì-ṣáàfù méje, nítorí irin náà gùn. Wọ́n rán mi lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Mushin. Ẹni tó fẹ́ tajà fún mi béèrè pé orijínà ni mo fẹ́ ni, àbí èyí tó jọ orijínà. Mo padà délé, mẹ̀káníìkì ní, “Ọ̀gá, nígbà tá a ti tú u, ẹ jẹ́ ká kúkú ṣe káàmù-ṣáàfù mọ́ ọn.” Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ ká kúkú ṣe sáyílẹ́ńsà mọ́ ọn. Àfikún yìí ló jẹ owó òrùlé mi.

Wọ́n tún gbé tọ́ọ̀pù sílíńdà lọ fá. Bí wọ́n bá fá a, àyè tí epo àti atẹ́gùn ti ń fún pọ̀ á kéré sí i, agbára á sì pọ̀ sí i. Ó dáa. Ṣùgbọ́n epo tí wọ́n bá fún báyẹn, bí kò bá lágbára tó, á gbiná kí àsìkò rẹ̀ tó pé, ẹ́ńjìnnì á sì máa kan kọ̀kọ̀kọ̀. Mo béèrè ibi tá a ti máa rí epo tó dára ju ti gbogbo ayé lọ. Wọ́n ní kí n má ṣàníyàn.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ dán an wò ńkọ́? Bí iná ṣe ń jó nínú ẹ́ńjìnnì náà ni 1-5-3-6-2-4. Ọmọ iṣẹ́ to wáyà rẹ̀ ní 1-2-3-4-5-6, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹyọ méjì péré ló bọ́ síbi tó yẹ. Sáyílẹ́ńsà yìnbọn. Ewúrẹ́ àdúgbò sá wọ yàrá, àwọn fijilańté sì gbé ṣakabùlà dé, wọ́n ń béèrè ibi táwọn olè gbà. Mẹ̀káníìkì rẹ́rìn-ín sí mi: “Ọ̀gá, ṣé ẹ gbọ́ agbára?”

Nígbà tó wá ń ṣiṣẹ́, ta ló fẹ́ sá eré náà níbo? Kí n tó tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kòtò. Kí n tó jáde nínú kòtò, ṣẹkípọ́ìǹtì. Táǹkì rẹ̀ ń gba 70 lítà, òpin ọdún 2024 sì ni, tí lítà kan ti kọjá ẹgbẹ̀rún náírà. Ẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀, làpálàpá ni wọ́n ń pa: kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ló ń dá wa dúró lójú ọ̀nà.

Kò pẹ́, gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù já, omi àti ọ́ìlì pàdé. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, ẹṣin kan ṣoṣo ń gbé ọmọ Balógun dé ọdún Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọgọ́sàn-án tèmi kò gbé mi dé ọjà Òkè-Ajé.

Àbúrò ìyàwó mi tún ti dé láàárọ̀ yìí. Ó ní tọ́bò ló kù.

Mo fẹ́ ta ọkọ̀ náà. Mi ò ní pa owó lé e, kódà màá fún ẹni tó bá rà á ní tapólì. Ohun kan ṣoṣo ni mo tọrọ: kó mú àbúrò ìyàwó mi mọ́ ọn.