Àgbà Tí Kò Ní Àkísà

Nígbà tí Àyájọ́ Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, ìyẹn ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, ń sún mọ́lé, ilé ẹ̀kọ́ olówó gọbọi kan ní Èkó fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn òbí. Ìwé náà kò gùn. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú bèbí kan wá, bèbí tí wọ́n fi àkísà ilé rán, tí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tí kò ná òbí ní kọ́bọ̀. Láti ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ yẹn ti ń fi ìwé ránṣẹ́ sílé, èyí nìkan ni kò ní nọ́ńbà àkáǹtì nísàlẹ̀. Ó yẹ kí àwọn òbí jó. Ìdààmú ló bá wọn.

Aládùúgbò mi kan, obìnrin tó mọ owó ṣírò ju àwọn òṣìṣẹ́ báńkì lọ, wá àkísà káàkiri ilé oníyàrá mẹ́rin, kò rí. Fóòmù ni awakọ̀ wọn fi ń fọ mọ́tò. Tíṣù ni wọ́n fi ń nu tábìlì. Ìlédìí ọmọ kékeré, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò ó, ó di èrò ààtàn. Aṣọ tí kò bá wù wọ́n mọ́, inú àpò ni wọ́n ń dì í sí fún ìjọ, kí ìjọ máa wá aláìní tí yóò dúpẹ́ lórí ṣẹ́ẹ̀tì tí kò ní bọ́tìnnì. Nígbà tó wá àkísà tì, ó gbé mọ́tò lọ́jọ́ Sátidé, ó gba orí afárá Third Mainland, ó di ọjà Balógun, ó ra yáàdì Ańkárá mẹ́fà, tuntun nini. Ó kó o fún téélọ̀ tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé wa pé kó gé e wẹ́wẹ́, kó sì fi ha ilẹ̀ sìmẹ́ńtì díẹ̀, kí ó lè jọ ògbólógbòó.

"Mọ̀mí," ni téélọ̀ wí, "àpò àjákù aṣọ méjì ló wà lẹ́yìn ẹ̀rọ mi yìí. Ẹ kó o lọ, mi ò gbowó."

"Ó dọ̀tí," ni obìnrin náà fèsì. "Àwọ̀ rẹ̀ ò sì bára mu."

Téélọ̀ gé aṣọ tuntun. Ó ha á. Ó gba owó iṣẹ́, ó rán bèbí náà, ó sì mú lára àjákù tí wọ́n ní ó dọ̀tí, ó kì í sínú ikùn rẹ̀. Ìgbà tó ń rojọ́ náà fún mi, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè fi òwú sójú abẹ́rẹ́. Ọmọ tó yẹ kó ṣe bèbí kò fojú kàn án títí di àárọ̀ ọjọ́ tó máa gbé e lọ, wọ́n sì kìlọ̀ fún un kó má fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kó má bàa bàjẹ́. Ó gba ipò kìíní. Ẹ̀bùn tí wọ́n fi yẹ́ ẹ sí fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni bèbí oníke tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà.

Yorùbá ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ìrírí ni àkísà inú òwe náà, àti pé owó kì í rà á. Ṣùgbọ́n àwọn tó pa òwe yìí fi ohun kan sílẹ̀. Kò wá sí wọn lọ́kàn pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọdé yóò láṣọ ju àgbà lọ, tí àgbà náà kò sì ní ní àkísà kankan. Pé àgbà yóò gbé owó lọ́wọ́ lọ sọ́jà lọ ra àkísà tuntun, ìyẹn ga ju òye wọn lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka aṣọ ọmọdé. Ọmọ ọdún kan tí mo mọ̀ pààrọ̀ aṣọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta níbi ayẹyẹ ọjọ́ ìbí rẹ̀, bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Agbádá ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀ fún un, pẹ̀lú fìlà tó bò ó lójú. Lẹ́yìn náà kóòtù àti táì. Lẹ́yìn náà aṣọ ọ̀gá sójà. Gbọ̀ngàn ni wọ́n yá. Wọ́n gbé ilé onírọ́bà aláfẹ́fẹ́ tí àwọn ọmọdé ń fò nínú rẹ̀ wá, bẹ́ẹ̀ ọlọ́jọ́ ìbí kò tíì mọ̀ ọ́n rìn. MC gbé máìkì sí i lẹ́nu pé kó kí àwọn àlejò. Ó figbe ta, gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Nígbà tó máa di pé wọ́n fẹ́ gé kéèkì, oorun ti gbé e lọ. Wọ́n jí i nítorí ayàwòrán.

Bí àwọn èèyàn ṣe ń lọ sílé ni wọ́n ń pín ike fún wọn: bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke, kọ́ọ̀bù oníke, abọ́ oníke, ojú ọmọ gbàgàdà lára gbogbo wọn. Ojú ọmọ ọlọ́mọ tó wà nílé mi ju àwòrán àwọn òbí mi lọ. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín sí mi ní gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ fọ ilé ìwẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀, torí ó ṣì ń san owó tó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe ní 2003 sọ ní abala 12 pé ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìsinmi àti eré tó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu. Kò sí ibi tí òfin náà ti sọ pé ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ sí MC.

Ó wá ku àkísà. Nílé tí àgbà bá ti ní àkísà, àkísà kì í jókòó lásán. Ìró tí ìyá àgbà ti fọ̀ títí tó fi rọ̀ múlọ́múlọ́ ni wọ́n ń ya fún ìlédìí ọmọ tuntun, torí aṣọ tuntun le jù fún ara rẹ̀. Èyí tó bá kù di òṣùká tí wọ́n fi ń ru omi. Èyí tó bá ṣẹ́kù lára òṣùká, òun ni wọ́n fi ń sọ ìkòkò kalẹ̀ lórí iná. Kí ó tó di ìyẹn, ọmọbìnrin ilé á ti fa ègé kan ya, á wé e mọ́ kùùkù àgbàdo, á gbé e pọ̀n. Ilé tó bá rí jájẹ lè ní ọmọlángidi tí agbẹ́gilére gbẹ́. Ilé tí kò bá rí jájẹ, kùùkù tó. Ọmọ inú ilé méjèèjì ló ń fọwọ́ gbá ìdí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pé kó má sunkún mọ́.

Àwọn baba wa kò fojú tín-ínrín wo àkísà. Ẹ wo ẹ̀kú egúngún: ègé aṣọ lórí ègé aṣọ, tí ìran kan rán tirẹ̀ lé ti ìran tó ṣáájú, ti àtijọ́ wà nísàlẹ̀, ti tuntun wà lókè. Bí ìpele rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni èèyàn fi ń mọ bí ilé náà ti pẹ́ tó.

Agolo ni ti àwọn ọmọkùnrin. Agolo sàdínì ni ara ọkọ̀, ìdérí ìgò mẹ́rin ni táyà, wáyà ló so táyà méjì méjì pọ̀. Ìṣó ni wọ́n fi ń lu ihò sí ìdérí náà, bí ihò kò bá sì bọ́ sí àárín gẹ́lẹ́, ọkọ̀ á máa tiro. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń mọ ohun tí àárín jẹ́, kí tíṣà ìṣirò tó gbé kọ́ńpáàsì dé. Agolo mílíìkì méjì àti okùn gígùn, ó di tẹlifóònù: bí okùn bá dẹ̀, wọn ò ní gbọ́ra, bí wọ́n bá fà á le, ọ̀rọ̀ á dé ẹ̀yìnkùlé. Bí mọ́tò agolo bá sì bàjẹ́, ẹni tó ṣe é ló mọ ibi tó ti bàjẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ti gba fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ àwọn "láyé ìgbà tiwa" o. Àwọn náà ní wèrè tiwọn. Bàbá kan wà tó máa ń kọ ọ̀rọ̀ gígùn sórí Facebook nípa òkòtó, súwè àti eré òṣùpá. Ojú àwọn tó ń kà á máa ń lómi. Bó ṣe ń kọ ọ́ lọ́wọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ kálukú, tí wọ́n ń wo ọmọ òyìnbó kan tó ń tú ohun ìṣeré tuntun kúrò nínú páálí. Ọmọ ń wo ọmọ ẹlòmíì tó ń ṣeré, bàbá ń kọ̀wé nípa eré, kò sì sẹ́ni tó ń ṣeré nínú yàrá. Òkòtó tí bàbá ń sunkún lé lórí, kò ta ọ̀kan lójú àwọn ọmọ rẹ̀ rí. Wọn kì í sì í sọ ọ́ tán, àwọn ará ìgbà tiwa yìí. Etí agolo máa ń ya wá lọ́wọ́, abẹ́rẹ́ ọsibítù tó máa ń tẹ̀lé e kò sì sí nínú ìtàn wọn.

Àwọn kan ti gbọ́n ju gbogbo wa lọ. Nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Erékùṣù Èkó, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ yẹ́ẹ́, mo rí mọ́tò agolo nínú àpótí onígíláàsì. Wọ́n ti kùn ún, wọ́n kọ "iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀" sí i lára. Owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn tó ra odidi páálí mílíìkì, tòun ti mílíìkì inú rẹ̀. Ẹni tó ju agolo nù láàárọ̀ ló ń padà wá rà á nírọ̀lẹ́. Mi ò bá oníṣọ́ọ̀bù náà jà. Ẹni tó bá mọ iyì ohun tí a jù nù, àgbà ni. El Anatsui, ọmọ Gánà tó kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka, kó ìdérí ìgò ọtí jọ, ó tẹ̀ wọ́n pẹlẹbẹ, ó fi wáyà bàbà so wọ́n pọ̀, wọ́n di aṣọ ràgàjì tó ń bo ògiri. Ní 2015, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà níbi àfihàn iṣẹ́ ọnà ní Venice. Ní 2023, iṣẹ́ rẹ̀ gba gbọ̀ngàn ńlá Tate Modern, ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà ní London. Bí ọmọ aládùúgbò mi bá mú ìdérí ìgò nílẹ̀, ìyá rẹ̀ á ní kó lọ fi ọṣẹ fọwọ́.

Ó yẹ kí owó ti kọ́ wa lọ́gbọ́n. Kí ìjọba tó jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà lọ́jà ìjọba. Nígbà tí 2024 fi máa parí, ó ti lé ní 1,500. Ohun ìṣeré oníke tó ń bá ọkọ̀ ojú omi wọlé gbówó lórí pẹ̀lú rẹ̀. Èèyàn á rò pé àgbà máa rántí àkísà rẹ̀ nìyẹn. Ó tì o. Ike tó kéré ju ti àná lọ, tó sì ń yára fọ́ ju ti àná lọ, ni a ń rà báyìí, a sì ń pe ara wa ní ẹni tó mọ owó ṣọ́ ná. Ìlú aṣọ ẹbí sì ni ìlú yìí! Kò sí Sátidé tí wọn kì í gé léèsì àti Ańkárá fún òde ìnáwó. Abẹ́ ẹ̀rọ téélọ̀ gbogbo ni àjákù kún. Èyí tí kò bá wọnú ìrọ̀rí, òjò á gbá a sí gọ́tà, àgbàrá á yalé, a ó sì máa bú ìjọba.

Aládùúgbò mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń jáde, ìgbà tó bá fi máa wọlé, ọmọ ti sùn. Ohun tuntun tó ń rà fún ọmọ náà, ẹ̀bẹ̀ ló fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Ta ni yóò gbọ́ èyí tí àánú kò ní ṣe é? Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ṣoṣo tó ní lọ́wọ́, Sátidé yẹn, inú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ló ti lò ó tán nítorí àkísà. Ká ní ó jókòó sórí ẹní pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú àpò téélọ̀ láàárín wọn, wọn ì bá ti rán odidi agboolé bèbí kí oòrùn tó wọ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ gan-an ni mo bínú sí. Tíṣà tó gba bèbí náà mọ̀. Ọmọ ọdún méje kò lè rán ojú ẹ̀rọ. Ó mọ̀, ó sì gbé ipò kìíní fún un, torí pé bèbí náà yọ dáadáa nínú fọ́tò tí wọ́n fẹ́ fi polówó ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ kan wà ní kíláàsì yẹn tó ṣe tirẹ̀ fúnra rẹ̀: ojú kan tóbi ju èkejì lọ, apá kan gùn, ọrùn rẹ̀ ń mì. Ìró ìyá rẹ̀ tó gbó ló fi ṣe é. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n gbé e sí. Ohun tí ilé ẹ̀kọ́ fi kọ́ àwọn ọmọ lọ́jọ́ náà ni pé iṣẹ́ ọwọ́ ni iṣẹ́ tí o fi owó gbé fún ọwọ́ ẹlòmíì, àti pé òpònú ni ẹni tó bá ṣe tirẹ̀. Bí wọ́n bá dàgbà, tí wọ́n ń sanwó fún ẹni tí yóò bá wọn jókòó ṣe ìdánwò, ká má wulẹ̀ bi ara wa pé níbo ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ lọ tọrọ àjákù lọ́wọ́ téélọ̀ àdúgbò yín. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sóòrùn. Ẹ ká a jọ, ẹ fi òwú so ó lọ́rùn, orí ti yọ nìyẹn. Ẹ fi òwú dúdú rán ojú àti ẹnu sí i. Ẹ má fi bọ́tìnnì ṣe ojú fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, kó má bàa gbé e mì. Bó bá jẹ́ agolo, ẹ fi òkúta tẹ etí rẹ̀ wọnú. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣe èyí tó pọ̀ níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó wọ́. Bí ẹ bá ń lọ síbi ìkómọ, ẹ mú irú rẹ̀ dání. Bí ìyá ọmọ bá tilẹ̀ yínmú, ọmọ kò ní yínmú. Ẹ̀yin tíṣà, ojú yín ni kí wọ́n ti ṣe é, kí ẹ sì fún èyí tó wọ́ ní máàkì. Ní tèmi, àgbà tí kò ní àkísà, ọmọdé tó láṣọ púpọ̀ ni.