Ìlànà fún Ọmọ Tó Fẹ́ Fi Ọdún Mẹ́ta Jókòó Sílé Lẹ́yìn SS 3

Kí ọmọ parí SS 3 ní Kubwa tàbí Nyanya l'Àbújá, kó sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kí ọdún tó yí po, kò le. Ojoojúmọ́ là ń rí wọn. Iṣẹ́ ńlá ni kí ọmọ ní kírẹ́díìtì márùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà níbẹ̀, kí yunifásítì wà ní Gwagwalada, kí kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ wà ní Zuba, kí olú iléeṣẹ́ JAMB tó ń ṣe ìdánwò àbáwọlé fúnra rẹ̀ wà ní Bwari, síbẹ̀ kó ṣì máa bá bàbá rẹ̀ du rìmóòtù ní pálọ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣèèṣì ṣẹlẹ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àbúrò mi, sún mọ́bí.

Orí kọ́ọ̀sì ni wàá ti bẹ̀rẹ̀. Má bi ara rẹ léèrè ohun tó o mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tí ọmọ ará ilé kejì ń kà ni kó o bèèrè. Bó bá jẹ́ ìṣègùn, ìṣègùn nìwọ náà máa kà. Bó bá jẹ́ òfin, òfin ni. Láti ìgbà tó o ti wà ní nọ́sìrì ni bàbá rẹ ti ń pè ọ́ ní Dókítà, ó sì ti sọ ọ́ ní ìpàdé ọmọ ìlú níṣojú alága. Kí wá ni ti F9 tó o gbà nínú Kẹ́místìrì? Ìyẹn ò tó nǹkan tó yẹ kó dójú ti ìdílé.

Bó o bá dé ìdí iṣẹ́ mẹ́rin tó o máa fi ṣe ìdánwò, fi ọwọ́ dẹngbẹrẹ mú un. Ẹni tó fẹ́ ka ìṣègùn ní láti mú Bàọ́lọ́jì, Kẹ́místìrì àti Físíìsì mọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó wà nínú ìwé ìtọ́ni tí JAMB gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni ló lè kà á. Má kà á. Físíìsì le, mú Gọ́fúmẹ́ǹtì dípò rẹ̀. Nígbà tó o bá gba 260 tán, tí yunifásítì ní àwọn ò lè fi Gọ́fúmẹ́ǹtì sọ ẹnikẹ́ni di dókítà, ìyá rẹ á ti mọ àwọn ọ̀tá ilé bàbá rẹ tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, ẹ ó sì gbéra lọ sórí òkè àdúrà.

Ìforúkọsílẹ̀ ló kàn. JAMB ní kí o fi NIN rẹ ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019 láti orí síìmù tìrẹ, kí wọ́n fún ọ ní kóòdù tó o máa gbé lọ sí ibùdó CBT. Síìmù tìrẹ kẹ̀? Lọ bá bọ̀dá oníkáfẹ́ tó wà lójú títì. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà, èèyàn mẹ́fà ti tò sẹ́yìn rẹ, bọ̀dá ò sì gbójú sókè. Fóònù tirẹ̀ ló fi gba kóòdù. Ímeèlì tí wọ́n bi ọ́, òun náà ló ṣí i, òun ló yan pàsíwọ́ọ̀dù, ó sì kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé kan tí wọ́n fi di àkàrà. Má bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kó má baà rò pé o ò fọkàn tán an. Orúkọ tó wà lórí NIN rẹ ni Bayo, ti WAEC ni Adébáyọ̀, ọjọ́ ìbí tó wà lórí ọ̀kan fi oṣù mẹ́rin ju èkejì lọ. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìròyìn bá bọ́ sínú ímeèlì yẹn lóṣù mẹ́fà sí i, bọ̀dá á ti kó káfẹ́ rẹ̀ lọ sí Lokoja.

Ìdánwò UTME fúnra rẹ̀ ò gba àlàyé púpọ̀. Ìbéèrè 180, wákàtí méjì, 60 nínú wọn jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, mẹ́wàá nínú 60 yẹn sì ń wá láti inú ìwé ìtàn kan tí JAMB ti dárúkọ rẹ̀ kí ìdánwò tó dé. Ẹni tó bá ka ìwé náà ti rí máàkì gbà lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí náà má kà á. Má sì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rárá kó tó di ọjọ́ ìdánwò. Ó dùn kí èèyàn kọ́kọ́ bá máòsì pàdé nígbà tí aago ti ń ka ìṣẹ́jú.

Bí èsì bá jáde, tí kò tẹ́ ọ lọ́rùn, ọ̀nà méjì ló wà fún òmùgọ̀ tó mọṣẹ́. Àkọ́kọ́ ni kó o wá ẹni tó máa bá ọ fi kún un. Lọ́dún 2023, ọmọbìnrin kan ní Anambra gbé èsì 362 jáde, àwọn èèyàn ti ń kí i kú oríire, kó tó di pé JAMB ní 249 ló gbà. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ gbé kalẹ̀ wádìí rẹ̀, wọ́n ní òótọ́ ni. Àánú ibẹ̀ ni pé 249 kì í ṣe máàkì àbùkù rárá. JAMB ní kò gbọdọ̀ ṣe ìdánwò àwọn mọ́ fún ọdún mẹ́ta. Ọdún mẹ́ta gééré! Ohun tí mo ń fi gbogbo ìwé yìí kọ́ ọ nìyẹn, fóònù kan péré sì ni wọ́n fi rí i gbà.

Ọ̀nà kejì ni kó o ní JAMB ló ṣì í. Ní May 2025, JAMB ṣì í lóòótọ́: akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ní Èkó àti ìlà-oòrùn gúúsù ni ọ̀rọ̀ kàn tí wọ́n ní kí wọ́n wá tún ìdánwò ṣe, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede tó jẹ́ ọ̀gá JAMB nígbà náà sunkún lójú àwọn oníròyìn. Àbújá kò sí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí nìyẹn já mọ́? Sọ fún gbogbo ayé pé 148 tìrẹ náà wà lára àṣìṣe ọ̀hún.

Ká dúró níbi 148 yìí, torí ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Lọ́dún 2025 yẹn, 150 ni òté tí wọ́n fi lélẹ̀ fún yunifásítì, 100 ni ti polí àti kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́. Àwọn àgbà tó ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà kò tíì bá òbí Àbújá pàdé. Ọ̀rẹ́ rẹ tó gba 141 lọ sí Zuba, ó ń ṣe NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́. Fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Máa pè é ní Ọ̀gá Tíṣà níṣojú àwọn ọmọge. Èmi ò tilẹ̀ lè dá ọ lẹ́bi tán: lọ́dún 2025 kan náà, àwọn tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní FCT da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù nítorí owó oṣù, ọmọ tó sì rí i pé ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò wà ní títì ò ní sọ pé tíṣà ló wu òun dà. Ìjọba ló kọ́ wa ní ẹ̀gàn yẹn. Ṣùgbọ́n wo Ọ̀gá Tíṣà bí ọdún mẹ́ta bá pé. Ó fi NCE rẹ̀ gba fọ́ọ̀mù Direct Entry, kò ṣe UTME mìíràn, ipele 200 ló bọ́ sí ní yunifásítì. Ẹni tó lọ ṣe ND ní polí, ọdún méjì péré ló lò kó tó kan ilẹ̀kùn kan náà. Ìwọ ní tìrẹ ń múra UTME kẹrin, nínú ṣẹ́ẹ̀tì tó o fi ṣe ti àkọ́kọ́.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni bàbá rẹ. Kò fẹ́ gbọ́ Zuba sétí, ṣùgbọ́n kò sí àríyá tí kì í ti í sọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Houston. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì ni: ọmọ á ka apá kan níbẹ̀ lówó pọ́ọ́kú, á wá ré kọjá sí yunifásítì láti parí rẹ̀. Zuba náà ni, ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n kàn wọ̀ débẹ̀.

Ilẹ̀kùn mìíràn tún wà ní Jabi tó yẹ kó o yẹra fún: NOUN, yunifásítì tí èèyàn ń kà láti ilé. Kò bèèrè UTME lọ́wọ́ rẹ, kírẹ́díìtì márùn-ún rẹ ti tó o. Ìjọba ológun tì í pa lọ́dún 1984, Ọbásanjọ́ ló jí i dìde nígbà tó padà wá ṣe ààrẹ. Bàbá náà sì lọ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tó gbéjọba sílẹ̀, ó ka ẹ̀kọ́ nípa ìsìn Kristẹni títí tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé lọ́dún 2018. Ẹni tó ti jókòó sórí àga Aso Rock kò tijú. Ìwọ tí wọn ò fi ṣe àṣojú kíláàsì rí, iyì tìrẹ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Má gbà fún wọn.

Ẹni tí ọdún mẹ́ta bá sì kéré lójú rẹ̀, mo ní ti àgbà fún un. Láti 2017, orí CAPS, ètò JAMB orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni gbogbo ádímíṣọ̀n ń gbà kọjá: ilé-ẹ̀kọ́ á fi orúkọ rẹ síbẹ̀, ìwọ á wọlé lọ tẹ̀ pé o gbà. Bí wọ́n bá fún ọ ní kọ́ọ̀sì mìíràn, má tẹ ohunkóhun. Wá ọ̀gá kan tó mọ ọ̀gá kan. Á gba owó aṣọ tí ìyá rẹ tà ní Wuse, á fún ọ ní lẹ́tà tó dán, tó ní òǹtẹ̀ pupa. Kà á sókè ní ilé. Lọ sí kíláàsì, san owó ilé-ẹ̀kọ́, ṣe ìdánwò gbogbo. NELFUND tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó ò ní yá ọ nítorí kò rí orúkọ rẹ lórí CAPS, o ní kò burú, Ọlọ́run á pèsè. Lọ́dún kẹrin, dá aṣọ ẹbí, kí ẹ se ìrẹsì. Lẹ́yìn náà, lọ sọ́dọ̀ NYSC pé o fẹ́ sin ìlú. Ọmọ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà á wò ó síwá, á wò ó sẹ́yìn, á bi ọ́ pé ta ló gbà ọ́ wọlé sí yunifásítì tó o ní o ti jáde níbẹ̀ yìí.