Eyínfúnjowó àti Ogún Odídẹ

(Pálọ̀ Bàbá Olódídẹ ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni ọdún 74 ni Bàbá, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Sàrátù, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ń ta iṣu àti ẹja gbígbẹ ní Rye Lane. Odídẹ kan wà nínú àgò lẹ́bàá fèrèsé.)

SÀRÁTÙ: Bọ̀dá mi, ẹ ní kí n sáré wá, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan. Ṣé kò sí nǹkan?

BÀBÁ: Jókòó. Wíìlì ni mo ń ṣe.

SÀRÁTÙ: (ó jókòó wéré) Ẹ̀mí yín á gùn o. Ẹ ò ní kú. Ilé Ìwó ńkọ́, ta lẹ fún?

BÀBÁ: Bọ́lá ọmọ mi ló ni ilé Ìwó. Ọ̀rọ̀ Ayékòótọ́ ni mo pè ọ́ sí.

SÀRÁTÙ: Ẹyẹ yìí? Torí ẹyẹ ni mo ṣe pa ọjà mi tì?

BÀBÁ: Ọdún 19 ló ti wà lọ́dọ̀ mi. Dókítà ẹranko ní irú rẹ̀ lè lo 40 ọdún, àní 60 pàápàá, bí ìtọ́jú bá péye. Sọ fún mi, nínú èmi àti òun, ta ni yóò sin ta ni?

SÀRÁTÙ: Ẹ wá fẹ́ ṣe bíi ti ìyá Amẹ́ríkà yẹn.

BÀBÁ: Leona Helmsley.

SÀRÁTÙ: Òun ni! Ó kú ní 2007, ó fi mílíọ̀nù 12 dọ́là sílẹ̀ fún ajá, kò sì fi kọ́bọ̀ sílẹ̀ fún méjì nínú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Orúkọ ajá náà gan-an, Trouble. Ẹni tó sọ ajá rẹ̀ ní Wàhálà, kí ló tún ń wá?

BÀBÁ: Adájọ́ dín in kù sí mílíọ̀nù méjì.

SÀRÁTÙ: Kí ni wọ́n fi ṣe? Àwọn kan ń halẹ̀ pé àwọn máa pa ajá, ló bá di pé kí wọ́n gba ẹ̀ṣọ́ fún un, $100,000 lọ́dún. Oúnjẹ rẹ̀ ò sì ju $1,200 lọ. Ẹ̀ṣọ́ ló jogún, ajá ò jogún nǹkan kan.

BÀBÁ: Ti Amẹ́ríkà nìyẹn. Níbí, ẹranko kì í jogún rárá. Lójú òfin Gẹ̀ẹ́sì, ẹrù ni Ayékòótọ́, bí àga tí o jókòó lé yẹn.

SÀRÁTÙ: Àga tó ń bú èèyàn.

ODÍDẸ: Pa iná yẹn! Owó iná ń gorí ara wọn!

SÀRÁTÙ: (ó fò dìde) Ẹ gbọ́ ohùn yẹn! Ìyàwó wa gẹ́lẹ́!

BÀBÁ: Ó ti pé ọdún mẹ́fà tó kú. Ojoojúmọ́ ló ṣì ń bá mi jà lórí owó iná.

SÀRÁTÙ: (ó tún jókòó) Ọlọ́run á forí jì í. Ẹ jẹ́ ká padà sórí owó.

BÀBÁ: Lọ́yà ní mo lè fa owó lé alágbàtọ́ lọ́wọ́ nítorí ẹyẹ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kọjá ọdún 21. Ayékòótọ́ á ṣì máa pariwo nígbà yẹn. Bí alágbàtọ́ bá sì ń ṣe màgòmágó, ẹyẹ ò lè pè é lẹ́jọ́.

SÀRÁTÙ: Èyí yìí? Á pè é.

BÀBÁ: Ẹjọ́ kan wà, ẹjọ́ Pettingall, ní 1842. Ọkùnrin kan fi £50 lọ́dọọdún sílẹ̀ fún abo ẹṣin dúdú rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní kí ẹni tó ń tọ́jú ẹṣin máa fi bọ́ ọ, èyí tó bá ṣẹ́ kù di tirẹ̀.

SÀRÁTÙ: (ojú rẹ̀ là) Ẹ tún un sọ. Èyí tó bá kí ni?

BÀBÁ: Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ.

SÀRÁTÙ: Kò sí nǹkan lọ́kàn mi. Mo kàn rò ó pé ẹṣin yẹn á ti rù.

BÀBÁ: Bó bá rù, àwọn tó jogún ìyókù dúkìá lè gba ilé ẹjọ́ lọ. Bọ́lá ló ń jogún ìyókù tèmi. Láti Kánádà ni yóò ti máa fi fóònù wò ó bóyá ó rù.

SÀRÁTÙ: Kí Bọ́lá kúkú mú un nígbà náà!

BÀBÁ: Tó bá ti rí ìyẹ́ ẹyẹ, á máa sín títí ojú rẹ̀ á fi wú.

SÀRÁTÙ: Ẹ gbé e lọ sílé, sí Ìwó. Ta ló gbọ́ Ìwó tí kò gbọ́ odídẹ?

BÀBÁ: Láti 2017 làwọn ìjọba àgbáyé ti fòfin tó le jù lọ de gbígbé irú rẹ̀ kọjá ẹnubodè. A ó gba ìwé àṣẹ níbí, a ó tún gbà á lọ́hùn-ún. Àbí abẹ́ gèlè lo fẹ́ fi í sí?

SÀRÁTÙ: Odídẹ ni yóò gba físà lọ sí Ìwó! Ẹ jọ̀ọ́, ẹgbẹ́ aláàánú ẹranko, RSPCA, ńkọ́? Oníbàárà mi kan ní téèyàn bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn nígbà ayé rẹ̀, wọ́n á bá a wá ilé tuntun fún ẹran ọ̀sìn rẹ̀ tó bá kú.

BÀBÁ: Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Òyìnbó wo ni yóò mọ̀ pé "pa iná" ló ń wí? Ìwọ ni mo fẹ́ fi í sílẹ̀ fún, Sàrátù. Òun àti £6,000.

SÀRÁTÙ: (ohùn rẹ̀ rọ̀) Ẹyẹ dáadáa ni o. Ṣé ẹ̀ẹ̀kan náà lowó ń wọlé?

BÀBÁ: £2,000 lọ́jọ́ tí o bá gbé e délé. Ìyókù á máa wá díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún.

SÀRÁTÙ: Ẹ ò fọkàn tán mi.

BÀBÁ: Mo rántí ewúrẹ́ tí màmá wa fi sílẹ̀ sọ́wọ́ rẹ.

SÀRÁTÙ: Ọdún Iléyá ló bọ́ sí! Ṣé èmi ni mo mú Iléyá wá ni? Èmi náà sì ti pé 66. Bí mo bá kú ńkọ́?

BÀBÁ: Lọ́yà ti ní kí n dárúkọ ẹni tó tẹ̀ lé ọ. Káfáyá ọmọ rẹ ni.

SÀRÁTÙ: Á wá dà bí Alágbà, ahun ààfin Ṣọ̀ún ní Ògbómọ̀ṣọ́! Ààfin ní ó pé ọdún 344 kó tó kú ní 2019. Ọba ń wàjà, ahun ń jẹun. Kò sí lọ́yà níbẹ̀, ọba tó bá gorí oyè ni ahun ń bá lọ.

BÀBÁ: Àwọn onímọ̀ ẹranko ò gbà pé ahun ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

SÀRÁTÙ: Ẹ jẹ́ kí wọ́n má gbà.

BÀBÁ: O ò rí i pé ọ̀rọ̀ ahun yá ahun lẹ́nu. Gba kọ́kọ́rọ́ yìí. Wíìlì kì í tètè jáde, odídẹ ò sì lè gbààwẹ̀ dè é. Bí mo bá ṣubú sójú títì, káàdì kan wà nínú àpò owó mi: "Ẹyẹ wà nílé mi, ẹ pe Sàrátù."

SÀRÁTÙ: Ẹ ti kọ nọ́ńbà mi síbẹ̀ kí ẹ tó bi mí? Ó dáa, kí ló ń jẹ? Píà kan ti rọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù.

BÀBÁ: Píà! Májèlé ni fún un! Ka lẹ́tà tí mo kọ, ó wà lójú ìwé keje. Páànù tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ lẹ̀, bó bá gbóná jù, èéfín rẹ̀ nìkan lè pa ẹyẹ.

SÀRÁTÙ: Ká má jẹ píà, ká má din dòdò. Ẹ̀wọ̀n wo nìyí?

BÀBÁ: Ó ku ẹlẹ́rìí méjì tí yóò fọwọ́ sí wíìlì lójú mi. Ọ̀gbẹ́ni òdìkejì ti gbà.

SÀRÁTÙ: Èmi lẹnì kejì! Àbúrò yín wà níbí, ẹ ń wá ará ìta.

BÀBÁ: Ẹni tó bá ṣe ẹlẹ́rìí, ohun tí wíìlì bá fún òun tàbí ọkọ rẹ̀ ti wọmi. Òfin ọdún 1837 ni.

SÀRÁTÙ: (ó ronú) Tí mo bá fọwọ́ sí i, ẹyẹ ò ní jẹ́ tèmi mọ́?

BÀBÁ: Kò ní jẹ́ tìrẹ.

SÀRÁTÙ: Bírò dà?

BÀBÁ: £6,000 náà ò ní jẹ́ tìrẹ.

(Sàrátù gbé bírò kalẹ̀. Ó tún un gbé. Ó tún gbé e kalẹ̀.)

SÀRÁTÙ: Tí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ ìdajì ńkọ́?

BÀBÁ: Sàrátù!

ODÍDẸ: Eyínfúnjowó! Eyínfúnjowó, ṣé ẹ ti jẹun?

(Sàrátù dákẹ́. Ó yíjú sí àgò.)

SÀRÁTÙ: Bọ̀dá mi. Orúkọ tí ìyàwó wa fún mi lọ́jọ́ tí ẹ gbé e níyàwó nìyẹn. Láti ìgbà tó ti kú, ẹnì kankan ò pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́.

BÀBÁ: Gbogbo ìgbà tí o bá wọlé ló ń pè ọ́. Ariwo rẹ ni kì í jẹ́ kí o gbọ́.

SÀRÁTÙ: (sí ẹyẹ) Mi ò tíì jẹun, ìyàwó wa. (sí Bàbá) Ẹ wá ẹlẹ́rìí mìíràn. £2,500 lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

BÀBÁ: £2,200.

SÀRÁTÙ: £2,400, n ó sì ju páànù nù.

ODÍDẸ: Pa iná yẹn!

(Sàrátù dìde, ó lọ pa á.)