Owó Òjò

Ẹ gbà mí, ẹ̀yin ará. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò jẹ òjò ní gbèsè rí. Ní Òṣogbo, bí òjò bá ṣú, a ó kó garawa sábẹ́ páànù, a ó gba omi Ọlọ́run lọ́fẹ̀ẹ́, ó parí. Ṣùgbọ́n ní ìlú kékeré tí mò ń gbé ní England yìí, ìwé owó omi dé, mo wọ jígí ojú mi, mo kà á. Owó omi tó ń wọlé: ó dáa. Owó omi ẹlẹ́gbin tó ń jáde: kò burú, ẹni tó bá jẹun á ṣá yàgbẹ́. Ẹ̀kẹta ni mo kà lẹ́ẹ̀mejì: owó òjò tó rọ̀ sórí òrùlé mi, tó ṣàn wọ páìpù iléeṣẹ́ omi. Òjò o! Òjò tí n kò bẹ̀, tó ń rọ̀ níbí bí ẹni tó ń gbowó oṣù.

Mo san án. Ohun tí mo rí létí odò ló wá bí mi nínú. Èmi àti ọmọ mi ọkùnrin jáde lẹ́yìn òjò. Ó nawọ́: "Dádì, ta ló so aṣọ funfun mọ́ igi?" Lóòótọ́, ẹ̀ka tó tẹ̀ sórí omi kún fún nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ń fì nínú atẹ́gùn. Ojúbọ ni ọmọ rò ó sí. Mo ti fi fọ́tò igbó Ọ̀ṣun hàn án rí. Mo sún mọ́ ọn. Wáìpù ni, èyí tí wọ́n fi ń nu ìdí ọmọ. Ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ewé, àwọ̀ rẹ̀ ti dà bíi tíì onímílíìkì.

Bàbá kan tó ń fi ìwọ̀ dẹja níbẹ̀ ló là mí lóye. Páìpù kan náà ni omi ilé ìgbẹ́ àti omi òjò ń gbà lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́. Bí ojú ọjọ́ bá dáa, wọ́n á sẹ́ pàǹtí kúrò, wọ́n á jẹ́ kí ẹ̀gbin rọlẹ̀, wọ́n á máa fẹ́ atẹ́gùn sí àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń jẹ ìyókù, omi á wá tòrò kó tó wọ odò. Bí òjò bá pọ̀ tí táńkì kún, òfin gbà wọ́n láyè láti tú u sódò láìfọ̀, kó má baà gba ilé ìgbẹ́ padà wá bá wa nínú ilé. (Mo dúpẹ́ fún ìyẹn.) Ní 2023, ní gbogbo England, wọ́n fi bíi mílíọ̀nù 3.6 wákàtí tú u bẹ́ẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀: bó bá jẹ́ páìpù kan ṣoṣo ni, á dà fún ohun tó lé ní 400 ọdún láìsinmi.

Ẹ bá mi wò ó. Mo sanwó kí wọ́n gba òjò. Wọ́n ní òjò ni kò jẹ́ káwọn lè fọ ìgbẹ́ tí mo tún sanwó rẹ̀. Ṣé alágbàfọ̀ lè gbowó mi, kó ju ẹ̀wù mi sódò, kó ní aṣọ ló pọ̀ jù lónìí?

Àwa nìkan kọ́. Ní Ilkley, létí odò Wharfe, ìjọba fọwọ́ sí apá kan odò fún ìlúwẹ̀ẹ́ ní 2020, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ lórí odò ní England. Nígbà tó di ọdún kejì, àyẹ̀wò ní omi náà kò dáa, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má lúwẹ̀ẹ́ níbi ìlúwẹ̀ẹ́.

Mo pe iléeṣẹ́ omi. Orin fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí létí kí ọmọbìnrin kan tó gbé e. Ọmọlúàbí ni. Ó ní mo lè gba ẹ̀dínwó owó òjò bí mo bá fi hàn pé inú ilẹ̀ ọgbà mi ni òjò òrùlé mi ń wọ̀, kì í dé páìpù. Mo ní ìgbẹ́ ńkọ́, nígbà tó jẹ́ pé odò ni tèmi ń lọ? Ó ní kí n dúró díẹ̀. Orin tún bẹ̀rẹ̀.

Lálẹ́, mo ro ẹjọ́ fún ìyá mi lórí fóònù. Wọ́n ní, "Ṣé àwọn òyìnbó náà ń wa góòlù ni?" torí odò Ọ̀ṣun nílé ti pọ́n bí epo láti ìgbà tí àwọn awakùsà ti ń túlẹ̀ lápá Ìjẹ̀ṣà.

"Rárá, Màmá. Ìgbẹ́ ni."

"Ìgbẹ́ ta?"

"Tèmi náà wà níbẹ̀, mà."

Wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n ní kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní Òṣogbo.