Ẹ Má Bú Àmébò

Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin ará ilé, kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́ tí yóò bà á jẹ́. Àwọn ọmọ tó ń tẹ fóònù lórí afárá pákó lánàá, ọ̀kan nínú wọn pè mí ní Àmébò. Mo ní, "Ta ni ń jẹ́ Àmébò?" Ó ní olófòófó ni. Mo ní mo gbọ́. Ìlú wo ló ń gbé? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í họrí.

Àmébò kì í kúkú ṣe èébú. Ìbídùn Allison ló ṣe é nínú Village Headmaster, eré tí Olúṣẹ́gun Olúṣọlá dá sílẹ̀, tó bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n ní 1968. Abúlé Ọjà ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Ted Mukoro ṣe ọ̀gá ilé ìwé, Fẹ́mi Robinson gbà á, Justus Esiri tún gbà á. Ẹ wá wò ó: ọ̀gá ilé ìwé ló ni àkọlé, ó mọ̀wé, ó wọ kóòtù, síbẹ̀ orúkọ ta ni ọmọdé ń pè lónìí? Ti olófòófó! Ẹni tó bá ní etí, kó gbọ́.

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ má jẹ́ kí ìyá òdìkejì yẹn gbọ́. Kábíyèsí abúlé náà, Déjúmọ̀ Lewis ni. Fúnṣọ́ Adéolú ló ń ṣe Chief Eleyinmi, olóyè aláriwo tó ń da ààfin rú. Nígbà tó yá, ta ló wá jọba lójú ayé? Chief Eleyinmi! Wọ́n fi Adéolú jẹ Aláyé ti Òde Rẹ́mọ. Ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ló wá di ẹni tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún. Kò sí ẹni tó rán mi o, mo kàn sọ ọ́ ni.

Kí ni mo ń sọ gan-an? Ẹ̀n-ẹ́n, tẹlifíṣọ̀n. Ìbàdàn ló kọ́kọ́ dé, WNTV, ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, 1959, abẹ́ ìjọba Awólọ́wọ̀. Wọ́n ní kò sí irú rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà kó tó dé, ẹ sì mọ bí ará Ìbàdàn ṣe ń yangàn, wọn ò tíì sinmi lórí ẹ̀ dòní. Ní tiwa ní Ayétòrò níbí, ẹni tó bá ra tẹlifíṣọ̀n, gbogbo àgbàlá ló rà á fún. Ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó sétí òkun ní 1947, tí wọ́n ní ohun ìní ọ̀kan ni ohun ìní gbogbo, ta ni yóò wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnìkejì nítorí àpótí tó ń sọ̀rọ̀? Àwọn ọmọ á fọ ẹsẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Ọ̀kan á di òpó áńtẹ́nà mú níta, atẹ́gùn òkun á máa gbé e, àwa tó wà nínú ilé á máa ké pé, "Ó ti dé! Ó tún ti lọ! Yí i sí apá Igbókòdà!" Ọmọ náà ò ní rí nǹkan kan nínú eré, àfi ká sọ ọ́ fún un lọ́jọ́ kejì. Èmi ni mo sì máa ń sọ ọ́. Ẹ rí i pé iṣẹ́ mi ti pẹ́?

Ọjọ́ Àrélù ni kẹ́ ẹ bi mí. Jímọ̀ Àlíù, ọmọ Èkìtì, ló ni eré yẹn. Bí Fádèyí Olóró bá ti la ẹnu, tí ọfọ̀ ń jáde bí ẹni tú àpò ẹ̀wà, àwọn ìyá Àpọ́sítélì á máa pariwo, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n dìde, wọn ò jẹ́ dìde. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ kankan ò ní dá lọ tọ̀ lórí afárá. Àgbàlagbà kan tilẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa tó máa ń jí ìyàwó rẹ̀ kó sìn ín. Mi ò ní dárúkọ. Ó ti sùn nínú Olúwa.

Tí ìjà orogún bá ṣẹlẹ̀, a ó ní ká gbé e lọ sí Kóòtù Aṣípa, eré Oyin Adéjọbí. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá fẹ̀ jù, tó so táì labalábá ràgàjì mọ́ ọrùn, Bàbá Sàlá ni. Moses Ọláìyá tó ń ṣe Bàbá Sàlá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, pa wá lẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n nígbà tó ṣe fíìmù Ọ̀run Móoru ní 1982, àwọn olè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kiri, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó kú ní 2018. Ẹni tó pa gbogbo ayé lẹ́rìn-ín, olè ló jẹ èrè rẹ̀.

Àbùkù mìíràn tún wà níbẹ̀. Téèpù wọ́n nígbà náà, àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sì ń ká eré tuntun sórí ti àtijọ́. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a wò ni kò sí níbì kankan mọ́. Kí ló wá kù? Ẹnu wa ni! Àwa tí ẹ ń pè ní olófòófó là ń sọ ọ́ láti àgbàlá dé àgbàlá, la fi ń sọ ará ilé lórúkọ, tí ò jẹ́ kó parun. Òkun tó ń jẹ ilé wa nÁyétòrò lọ́dọọdún ò tíì rí ìyẹn jẹ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wò ó, ẹ jókòó ti àwọn ọmọ yín, kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún wọn, kí wọ́n fi fóònù yẹn ká ohùn yín sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti gbàgbé ibì kan, ẹ wá bi mí. Ilé mi ò jìnnà.